Òdòdó tí ń Fi Ara Pamọ́

Ẹ̀yin olùfẹ́ ní Alájùé àti ní gbogbo ìjọ ìlú Ẹdẹ,

Ẹ ṣí Ìhìnrere Mátíù, orí 6, ẹsẹ 1 sí 4, níbi tí Olúwa wa gbé kọ́ni ní ti ọrẹ àánú tí a ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, lábẹ́ igi inú igbó, ni òdòdó kan gbé ń hù tí a ń pè ní fáyólẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ àlùkò ni ó ní. Gíga rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ewé a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn dídùn rẹ̀ ni a sábà ń gbọ́ kí ojú tó rí i. Bí a bá sì ti gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, imú wa a kú sí i, a ó rò pé ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ òdòdó náà kò dẹ́kun àti máa ta sánsán.

Nígbà tí ó bá yá, a tún yọ òdòdó mìíràn nísàlẹ̀ ewé, èyí tí kì í là rárá. Ẹni tí ń kọjá a ní ó ti ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n láti inú àwọn wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú irúgbìn rẹ̀ ti ń wá, èèrà a sì máa gbé wọn lọ síbòmíràn.

Ìbátan rẹ̀ kan ń hù lórí òkè Kamẹrúùnù. Abíwẹ́rẹ́ tiwa, tí àwọn ìyá fi ń ṣe àgbo fún aboyún, jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú. (Mo bẹ̀ yín, kí aboyún kankan má ṣe torí àgbo kọ ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀.)

Nígbà ìkórè, ní ọ̀pọ̀ ìjọ, a ń ka orúkọ ènìyàn àti iye tí ó dá. A ń pàtẹ́wọ́ fún ọlọ́rọ̀, a sì ń dákẹ́ fún opó tí ó mú iṣu méjì wá. Àwọn mìíràn ń jókòó sílé lọ́jọ́ náà nítorí ìtìjú. Ta ni ń gbá ilé Ọlọ́run ní òwúrọ̀ Sátidé? Olùkọ́ wo ni ó ń san owó ìwé fún ọmọ aláìníbaba, tí kò jẹ́ kí ọmọ náà pàápàá mọ̀? Oore wọn ti pẹ́ lára wa títí imú wa fi kú sí i.

Mo bẹ ẹ̀yin àgbà ìjọ, ní ìkórè tí ń bọ̀, kí a gba ọrẹ gbogbo sínú àwo kan náà, láìka iye sí etígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan yóò wí pé owó yóò dínkù. Ó lè dínkù. Ẹ jẹ́ kí ó dínkù, kí opó náà lè wá.