Ìléru Tí Ó Ti Gbó: Kí A Tún Un Ṣe Ni, tàbí Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀?



Ọ̀ràn tí ó kọ́kọ́ dà bí ti irin àti owó lásán a máa di ọ̀ràn ìwà nígbà mìíràn. Irú rẹ̀ ni èyí tí ń dojú kọ àwọn ará wa tí wọ́n fi Chicago àti àwọn ìlú olótùútù mìíràn ní Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé: ìléru tí ń mú ilé wọn móoru ti gbó, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a tún un ṣe, tàbí kí a fi titun rọ́pò rẹ̀?

A kọ́ wa láti kékeré pé kí a máa tọ́jú ohun ìní. Aṣọ tí ó ya ni à ń lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ ohun tí ó ṣì wúlò nù, àpà ni à ń pè é. Ẹ̀kọ́ yìí dára, ó sì bá ọ̀pọ̀ àbùkù ìléru mu. Bí ohun tí ń ṣáná sí i bá kú, bí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá dí, tàbí bí mọ́tò tí ń fẹ́ atẹ́gùn bá dúró, apá kan ni ó bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìléru tí a tọ́jú dáadáa lè sìn wá fún ọdún 15 sí 20, òmíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lótìítọ́, ogbó ní owó tirẹ̀. Nínú gáàsì tí iye rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là, ìléru àtijọ́ mìíràn kì í sọ ju 56 sí 70 di ooru inú ilé. Ìyókù a bá èéfín jáde. Àwọn tí ó dára jù nínú àwọn titun a máa sọ 90 sí 98 di ooru. Síbẹ̀, owó onílé ni, ó sì ní àṣẹ láti yàn.

Ṣùgbọ́n àṣẹ náà ní òpin. Nínú ìléru onígáàsì, iná ń jó nínú àpótí irin kan, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sì ń gba ẹ̀yìn irin náà kọjá láti gba ooru rẹ̀. Irin yìí a máa wú nígbà tí ó bá gbóná, a sì máa súnkì nígbà tí ó bá tutù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó lè sán. Bí ó bá sán, kábọ̀n monọ́síìdì lè bọ́ sínú ilé. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ipò ọ́síjìn ni ó ń gbà nínú ẹ̀jẹ̀. Orí a máa fọ́ni, òòyì a máa kọ́ni. Ẹni tí ó sì ti sùn lè má jí mọ́. Àwa tí a wà nílé mọ iṣẹ́ ibi rẹ̀, nítorí òun náà ni ó ń pa àwọn tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Nítorí èyí, ìṣọ́wóná tí ó yẹ fún ìyìn nígbà tí mọ́tò bàjẹ́ di ìwà búburú nígbà tí irin yìí sán. Onílé tí ó mọ̀, tí ó sì ní kí ayálégbé ṣì máa lò ó títí òtútù yóò fi kọjá, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn oníṣẹ́ mìíràn a máa dẹ́rù bani kí wọ́n lè ta titun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí a pa ìléru náà ná. Kí oníṣẹ́ kejì wá wò ó, kí ó sì fi ibi tí ó sán hàn wá. Iyèméjì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti tan iná náà. Bí owó titun kò bá sì sí lọ́wọ́, ìgbà náà ni ó yẹ kí ará àti ọ̀rẹ́ dá a jọ, kí wọ́n sì fi ibi sísùn fún ìdílé náà títí a ó fi parí iṣẹ́.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó dájọ́ lórí ìléru, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tí ń sùn nínú ilé náà.