Ta Ni Ó Yẹ Ká Fi Kọ́kọ́rọ́ Èbúté Lé Lọ́wọ́?



Bí Ààrẹ bá yan ọ̀gá àgbà tuntun fún Àjọ Èbúté Nàìjíríà (NPA), ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa èèyàn ni pé, "Ọmọ ibo ni?" Díẹ̀ nínú wa ló ń béèrè pé, "Ṣé ó mọ iṣẹ́ náà? Ṣé ó ṣeé fọkàn tán?"

Ẹnì kan lè ní kí ló kan ará Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà nínú ọ̀rọ̀ èbúté. Ó kàn wá. Kòkó tí àwọn bàbá wa ń sá síwájú ilé, orí òkun ló ń gbà lọ. Púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń fín sí i, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Àpápá. Bí ẹrù bá há sí èbúté, àgbẹ̀ ni yóò san án nígbẹ̀yìn.

Ọdún 1955 ni àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 2006 ni ìjọba ti fi ibùdó ìkẹ́rù lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí àjọ náà wá dà bí onílé tó ń ṣọ́ ayálégbé. Onílé tí kò mọ ilé rẹ̀, ayálégbé á rẹ́ ẹ jẹ. Onílé tó ń gba ẹ̀gúnjẹ, ojú rẹ̀ ni ilé á ṣe wó.

Ní oṣù Keje ọdún 2016, Ààrẹ Buhari yan Hadiza Bala Usman, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Kì í ṣe inú àjọ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n ní kó yẹ̀bá fún ìwádìí, Mohammed Bello-Koko sì bọ́ sípò. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu yan Abubakar Dantsoho, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àjọ náà. A kò fi èyí dá ẹnikẹ́ni láre tàbí lẹ́bi. Ìbéèrè wa ni pé: ẹni inú ilé mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣà burúkú ilé lè ti mọ́ ọn lára, àlejò ríran tuntun, ṣùgbọ́n kò mọ igun ilé. Èwo ni ká mú?

Nínú Súúrà Al-Qasas, ohun méjì ni ọmọbìnrin ará Madyan tọ́ka sí nígbà tó ní kí bàbá òun gba Ànábì Mûsâ síṣẹ́: agbára àti ìfọkàntán. Ọ̀kan nìkan kò tó. Olóòótọ́ pọ́ńbélé ni Abú Dharr, síbẹ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún un pé kó má gba ipò àṣẹ, torí kò lágbára rẹ̀. Kì í ṣe ìmọ̀ ni Abú Dharr kò ní. Agbára láti darí èèyàn ni.

Ibi tí èrò tèmi já sí nìyí. Ọ̀gá lè yá ìmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè yá a ní òótọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ pé "rárá" fún alágbára. Méjèèjì yìí ni kí á kọ́kọ́ wá, yálà nínú ilé ni o, tàbí níta.

Kí á tó bú ìjọba, ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Nígbà tí a yan akápò ẹgbẹ́ wa kẹ́yìn, kí la wò mọ́ ọn lára: ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ni, àbí bàbá rẹ̀? Àmáánà ni ipò. Ẹni tó gbà á yóò jíhìn, ẹni tó fi lé e lọ́wọ́ náà yóò jíhìn.