Ebi Kì í Wọnú Kí Ọ̀rọ̀ Mìíràn Wọ̀ Ọ́: Òwe Kan fún Ìgbà Lẹ́ńtì

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí kì í ṣòro fún wa títí Lẹ́ńtì yóò fi dé. Láti Ọjọ́rú Eléérú títí di ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ogójì ọjọ́ bí a bá yọ àwọn ọjọ́ Ìsinmi kúrò, ìjọ ń rọ̀ wá pé ká febi panú kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè ráyè wọlé. Àgbà sì ní ebi kì í gba ọ̀rọ̀ láyè. Ta ni ká wá gbọ́ tiẹ̀?

Èmi gbà pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo tún gbà pé ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ òwe yìí, kò tíì mọ ìdí tó fi ń gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àgbà ṣe pa á. Wọn ò ní “kí ọ̀rọ̀ mìíràn má wọ̀ ọ́”, wọ́n ní “kì í.” Wọn ò ṣòfin fún ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò bú u. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá wa ni wọ́n ń sọ. Inú kan náà tí iyán ń lọ ni Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ ń wọ̀. Inú ló ń dùn, inú ló ń bà jẹ́, inú la ti ń ro èrò; bí a bá sì fẹ́ yin ẹni rere, a ní ó ní inúure. Ilé kan ṣoṣo ni. Bí ebi bá ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìta ni ìmọ̀ràn àti ìwàásù máa dúró sí. Ésáù kì í ṣe òmùgọ̀ tó ń bọ̀ láti oko ọdẹ. Ebi ló wọnú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ogún ìbí kò fi ráyè mọ́, tó fi gbé e fún Jákọ́bù nítorí àwo ìpẹ̀tẹ̀ kan.

Mo ti ṣẹ̀ sí òwe yìí rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú Lẹ́ńtì, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọmọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò lè ka àkọ́sórí rẹ̀. Mo ní kó dìde dúró. Ó dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò ní fèrèsé, níbi tí ìyá alákàrà kan ti ń dín àkàrà lódìkejì títì. Nígbà tí a ṣe tán, àbúrò rẹ̀ ló rọra sọ fún mi pé gààrí tí àwọn mu lọ́sàn-án àná ni àwọn fẹnu kàn gbẹ̀yìn. Àkọ́sórí tí mo tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọnìkejì ló wà níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo ra àkàrà àti ògì gbígbóná fún wọn. Kó tó jẹ àkàrà mẹ́ta tán, ó ti ń bi mí bóyá Dáfídì ga ju òun lọ nígbà tó pa Gòláyátì. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń wọlé.

Ọlọ́run alára kò ṣe bí mo ṣe ṣe. Èlíjà sá fún Jésébẹ́lì wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun. Àkàrà wà lórí ẹyin iná, omi sì wà nínú ìkòkò. Ó jẹ, ó sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹ. Agbára oúnjẹ yẹn ló fi rin ogójì ọ̀sán àti ogójì òru dé Hórébù. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wá bi í léèrè ohun tó wá ṣe.

Kí wá ni ti ààwẹ̀? Ebi tó wọnú ni òwe ń bá wí, èyí tó já wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí onílé kò mọ ọjọ́ tó máa lọ. Ebi ààwẹ̀, àwa la pè é. A mọ aago tí yóò jáde, ìkòkò ọbẹ̀ sì ti wà lórí iná dè é. Àlejò tí a pè, ibi tí a bá fi hàn án ló ń jókòó sí. Ìjọ Àgùdà mọ ìyàtọ̀ yìí: Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere ni òfin ààwẹ̀ rẹ̀ de ọmọ ìjọ, láti ẹni ọdún 18 dé 59, kò sì di ẹrù náà ru ọmọdé tàbí aláìsàn.

Jésù ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ebi ogójì ọjọ́ ń pa á, ó kọ̀, kò sọ òkúta di àkàrà fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ wọn tán, kò sọ fún wọn pé àkàrà nìkan kọ́ ló ń gbé ẹ̀mí ró. Àánú wọn ṣe é, ó ní àárẹ̀ á mú wọn lọ́nà, ó sì fi ìṣù àkàrà 7 bọ́ nǹkan bí 4,000 ènìyàn. Ebi tó yàn fún ara rẹ̀, kò yàn án fún ẹlòmíràn.

Àwọn Kristẹni Róòmù ní ọ̀rúndún kejì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ìwé tí à ń pè ní Olùṣọ́ Àgùntàn, èyí tí Hermas kọ, ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ṣírò iye owó oúnjẹ tí ì bá jẹ lọ́jọ́ náà, kó fi fún opó tàbí ọmọ òrukàn. Ọ̀gá tó ń gbààwẹ̀, tó sì di owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú, kò gbààwẹ̀ kankan. Àìsáyà ti bá irú rẹ̀ wí tipẹ́. Ebi tó ní òun yàn, inú ilé òṣìṣẹ́ ló rán an lọ.

Nítorí náà, bí o bá fo oúnjẹ àárọ̀ lọ́la, mọ iye tó jẹ́, kí o sì mọ ilé tí o máa gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Má tíì wàásù níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán.