Ẹni Tó Gbé Ipò Sílẹ̀

Ní Ọ̀tà níbí, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ló máa ń pọ̀ lẹ́nu àlejò. Ní ti bàbá mi, ọ̀rọ̀ oko Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n máa ń sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, olórí ológun yìí gbé ìjọba fún Alhaji Shehu Shagari tí ará ìlú dìbò yàn, ó sì wá ń dáko, ó ń sin adìyẹ ní Ọ̀tà. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lé e. Bàbá mi ní èyí nìkan ti tó láti pè é ní ènìyàn rere.

Mo gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, èmi ni olórí kíláàsì wa. Nígbà tí sáà mi pé, mo bẹ tíṣà wa pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá a lọ, mo ní ariwo yóò pọ̀ bí mo bá kúrò. Irọ́ ni. Ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ aláriwo ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀, torí àwọn tí kò fẹ́ kí n kọ orúkọ wọn ló ń fún mi ní búrẹ́dì nígbà ìsinmi. Mo kúrò ṣá, pẹ̀lú ojú kíkorò.

Ṣé kíkúrò náà ni ìwà rere, àbí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kúrò? Ọbásanjọ́ padà di ààrẹ ní 1999, lẹ́yìn tó ti ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ ìjọba Abacha. Ní 2006, àwọn kan fẹ́ yí ìwé òfin padà kí ààrẹ lè ṣe sáà kẹta. Òun ní òun kò béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà á gbọ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà da àbá náà nù, ó sì kúrò ní 2007. Ta ló lè rí ọkàn rẹ̀?

Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tó wá kí Ọbásanjọ́ ní Èkó ní 1978, àgbẹ̀ ẹ̀pà lòun náà. Ní tirẹ̀, ìbò 1980 ló lé e. Ó padà sílé ní Plains, ó ń bá wọn kọ́lé fún aláìní, àjọ rẹ̀ sì bá wa gbógun ti sòbìà títí ó fi tán ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n lé nìyẹn o!

Mo sọ èyí fún bàbá mi. Wọ́n ní Carter kò ní ìbọn. Mi ò tíì rí èsì fọ̀. Ọmọbìnrin tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi kì í gba búrẹ́dì ẹnikẹ́ni. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti oṣù Kẹsàn-án.