Ṣé Irọ́ Ni Bí A Bá Dákẹ́?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá ní ìgbà yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe tètè dá mi lẹ́bi. Bí a bá mọ àléébù ohun tí a ń fi fún ẹlòmíràn, tí ẹni náà kò sì béèrè, ṣé irọ́ ni bí a bá dákẹ́?

Ilé kékeré kan ni ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ lanu láti ìsàlẹ̀, ó ń gun òkè láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn. Bíríkìlà tí mo pè ní, “Màmá, ẹ má dààmú. Ẹ jẹ́ ká fi símẹ́ńtì dí i, ká kùn ún lọ́dà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ní oṣù náà gan-an ni mo gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó wo yàrá, ó wo ilé ìdáná, ó béèrè nípa omi. Kò béèrè nípa ògiri, èmi náà kò sì sọ. Owó ilé ìwé ọmọ ni mo fi owó náà san. (Kí n má purọ́, mo mú díẹ̀ ra aṣọ.)

Nígbà tí òjò dé, ó tún là. Ẹnjiníà kan, àbúrò ọ̀rẹ́ mi, ni ó là mí lóye. Ó ní èyí tó tín-ín-rín bí irun lè má ju ara símẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ń gun bí àtẹ̀gùn, tí ilẹ̀kùn sì ń há, ìpìlẹ̀ ló sábà máa ń rì. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó dé, ó kọ ọjọ́ sí i. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi kọjá ìlà. A wá gbẹ́ ìdí ògiri. Omi òrùlé ti ń dà síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ. Irin inú kankéré ti dípẹtà. Bí irin bá sì dípẹtà, ńṣe ló máa ń wú, tí yóò fọ́ kankéré láti inú wá. Ohun tí a kùn lọ́dà nìyẹn!

A kì í gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ilé má baà wó. Nǹkan bíi mítà kan ni a ń gbẹ́, a ó da kankéré tuntun sábẹ́ rẹ̀, símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, a ó máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ sí ibòmíràn tí kò fara kàn án. Nítorí náà, ayálégbé mi gbọ́dọ̀ kúrò ní yàrá náà. Ó di dandan kí n sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó ń gbalé ni kó la ojú rẹ̀. Bí ògiri náà bá wà ní gbangba, bóyá ni n kò ní gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bò ó. Mo ní mo dákẹ́, ọ̀dà náà ti bá mi sọ̀rọ̀. Bí n kò tilẹ̀ kùn ún ńkọ́? Mo rò pé ó ṣì yẹ kí n sọ, nítorí àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, l'Ékòó, ó sì pa àwọn ọmọdé. Èmi kò ní tèmi burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo bi kí n tó gbowó?

Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Mà, ṣé ẹ ti mọ̀ kí n tó kó wọlé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni àkọ́bí mi ń sùn.”

Mo dá owó oṣù tí a fi ṣiṣẹ́ padà fún un. Ó gbé títí ọdún méjì rẹ̀ fi pé, ó sì ń kí mi dáadáa. Ní ọjọ́ tó ń kó lọ, ó ní kí n bá òun wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí n fi ojú ara mi rí i pé òun kò ba ohunkóhun jẹ́ kí òun sì fi pamọ́.