Gbèsè Tí A Jẹ Àwọn Tó Tọ́ Wa

Bóyá inú mọ́tò lẹ wà tí ẹ ń ka èyí, tàbí ẹ ṣì ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ fún Olúwa ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

*Kíkà:* 2 Kíróníkà 24:1-22. 2 Tímótì 1:3-7

Ìbéèrè kan rèé fún yín láàárọ̀ yìí: ta ló tọ́ yín dàgbà? Mi ò ní ta ló bí yín o. Àwọn àgbà sọ pé ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Ìyá àgbà tó ń jí yín fún àdúrà ìdájí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tó fi owó tirẹ̀ san owó ilé-ìwé yín? Ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́? Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó ń béèrè yín tí ẹ ò bá wá?

Ìbéèrè kejì ló wá le: kí la jẹ wọ́n? Ṣé ọpẹ́ nìkan ni? Àbí gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ la gbọ́dọ̀ ṣe, kódà bí wọ́n bá ṣìnà?

Àdúgbò wa yìí gan-an ní ìtàn nínú. Olóyè Òṣòdì Tápà ni wọ́n fi orúkọ ibẹ̀ rántí. Ọmọ Tápà ni, kì í ṣe ọmọ Èkó. Kékeré ló dé Èkó, ó jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀, ilé Ọba Òṣìnlókun ló sì ti dàgbà. Ilé yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn. Nígbà tí Kòsọ́kọ́, ọmọ ọba yẹn, gorí ìtẹ́ ní 1845, Òṣòdì ni olórí ogun rẹ̀. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò. Òṣòdì bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ló tó padà, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀, ibi tí wọ́n sì tẹ̀dó sí là ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní.

Ẹni tó mọ oore nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká yára kọjá. Ilé tó dúró tì yẹn, ilé tó ń ṣòwò ẹrú ni. Irú òwò yẹn ló gbé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí kúrò ní Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn ní 1821, tí wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822. Mi ò jókòó ṣe ìdájọ́ ẹni tó ti lọ o. Ohun tí mo fẹ́ ká rí ni pé èèyàn lè mọ oore gan-an, kí ìmọ̀oore yẹn sì mú un dúró síbi tí kò yẹ kó dúró.

Ọ̀nà kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ wo Jóáṣì nínú kíkà wa. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á. Ìyàwó Jèhóíádà àlùfáà ló jí i gbé pamọ́, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́ ọ nínú ilé Olúwa kó tó jọba. Níwọ̀n ìgbà tí Jèhóíádà wà láyé, Jóáṣì ń ṣe dáadáa. Bàbá yẹn kú tán, ó gbàgbé gbogbo oore, ó ní kí wọ́n sọ Sekaráyà ọmọ rẹ̀ lókùúta. Kí ló dé tí Sekaráyà fi jẹ̀bi lójú rẹ̀? Ó sọ òótọ́ fún un ni.

Ṣé ẹ rí i? Ẹnìkan ò lè sọ pé rárá. Ẹnìkan sì sọ pé mi ò mọ̀ yín rí. Níbo lọ̀nà wà?

Jónátánì rí i. Ó mọ̀ pé Sọ́ọ̀lù bàbá òun fẹ́ pa Dáfídì, kò gbà fún un rárá. Síbẹ̀ kò kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Orí òkè Gílíbóà kan náà ni àwọn méjèèjì kú sí. Ó bọ̀wọ̀ fún bàbá, ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ bàbá.

Àjàyí náà rí i. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Àwọn tí kò bá a tan rárá ló kọ́ ọ ní ìwé. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Àjàyí Crowther. Ní August 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òun àti Àfàlà, ìyá rẹ̀, tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Kò ní kí ìyá máa lọ nítorí pé kò tíì di onígbàgbọ́. Kò sì padà sídìí òrìṣà kó tó lè fi hàn pé òun fẹ́ràn ìyá. Ó gbà á mọ́ra, ó ní sùúrù. Ní February 1848 ìyá náà ṣèrìbọmi, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ẹ sì tún ro èyí: Yorùbá tí Crowther fi túmọ̀ Ìwé Mímọ́ fún wa, ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ìyá yẹn ni, kí ogun tó kó o lọ. Ìyá tí kò tíì mọ Jésù ló kọ́ ọmọ ní èdè tí àwa fi ń ka Jésù lónìí. Nítorí náà, ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bóyá ẹni tó tọ́ yín dáa, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ líle. Bóyá ọ̀gá kọ́ yín níṣẹ́, ó sì tún kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Ẹ dúpẹ́ oúnjẹ, kì í ṣe dandan kí ẹ dúpẹ́ ẹgba. Ẹ gba iṣẹ́, ẹ fi màgòmágó sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kò kórìíra ẹni tó tà á fún un. Òkúta ni kò fẹ́ jẹ.

Èyí tó kù, a ò lè san án tán fún wọn. Lóísì fún Yúníìsì, Yúníìsì fún Tímótì, Pọ́ọ̀lù sì ní kí Tímótì fún àwọn mìíràn. Iwájú la ti ń san gbèsè yìí. Ọmọ kan wà nínú ilé yín tàbí ní ṣọ́ọ̀bù yín tó ń wò yín láàárọ̀ yìí.

*Iṣẹ́ òní:* Ẹ pe ẹnìkan nínú àwọn tó tọ́ yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má tọrọ nǹkan, ẹ kàn dárúkọ oore kan pàtó. Bí ó bá ti sùn, ẹ wá ọmọ rẹ̀ kàn.

*Àdúrà:* Bàbá, a dúpẹ́ fún igba ojú tó wò wá. Fún wa ní ọkàn tó mọ oore, àti ẹnu tó lè sọ pé rárá. Má jẹ́ kí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa kọ́ ibi lọ́wọ́ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.