Ta Ni Yóò Jẹ Àṣìṣe Wa?

Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́rú kan ni àbúrò wa yọjú sí ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gààrì ṣì wà nílé?" Kò bínú. Kò tiẹ̀ wo inú ìkòkò. Òórùn ẹ̀wà tó jóná ti sọ ìyókù fún un.

Frejon là ń sè. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀wà ni wọ́n máa ń sè títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá sè é pọ̀ mọ́ omi funfun tí wọ́n fún lára àgbọn tí wọ́n rin. Oúnjẹ àwọn Àgùdà Èkó ni, àwọn tí baba ńlá wọn bọ́ lóko ẹrú ní Brazil, tí wọ́n sì padà wálé ní ọ̀rúndún 19. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́, tàwọn ti ọbẹ̀ ẹja. Àwa kì í ṣe Àgùdà o. A kàn jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nílé ọ̀rẹ́ ni, la bá ní àwa náà á sè é.

Àwa méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́. Aago méje ààbọ̀ la délé lọ́jọ́ náà. A ò rẹ ẹ̀wà sómi, ẹ̀wà ọ̀hún sì ti gbó, ó kọ̀, kò tètè rọ̀. Bílẹ́ńdà ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tá a fi máa da omi àgbọn sí i, ojú ti ń kán wa, a sì tan gáàsì sókè. Ẹ̀wà lílọ̀ tó ki kò fẹ́ iná ńlá. Béèyàn ò bá rò ó dáadáa, ìsàlẹ̀ á jó, òórùn èéfín á sì gba gbogbo ìkòkò kan.

Àbúrò wa ní ìdánwò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A mọ̀. Gààrì ló mu sùn. Nígbà tá a ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ìkòkò tó jóná ti mọ́ tónítóní. A ò bi í pé ta ló fọ̀ ọ́.

Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, òfin kan wà: a kì í dán kóòdù tuntun wò lórí ohun táwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́. Ibi ìdánwò wà lọ́tọ̀. Bó bá bàjẹ́ níbẹ̀, a ó pa á rẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a mọ òfin yìí la délé, tá a sọ oúnjẹ alẹ́ ẹni tébi ń pa di ibi ìdánwò.

Ṣé ó wá tọ́ kéèyàn máa fi oúnjẹ dán nǹkan wò, nígbà tí ẹ̀wà wọ́n, tí gáàsì wọ́n, tí àkókò ò sì tó? Àwọn kan á ní kò tọ́ rárá: sè ohun tó o mọ̀, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gààrì tó bo àṣírí wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e wá sí etí òkun Áfíríkà. Èyí tó korò nínú rẹ̀ ní májèlé. Kó tó ṣeé jẹ, wọ́n á rin ín, á kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá yan án. Ata àti tòmátì inú ọbẹ̀ wa, ọ̀nà jíjìn yẹn náà ni wọ́n ti wá. Ohun tá à ń pè ní oúnjẹ ìbílẹ̀ lónìí, ẹnì kan ló kọ́kọ́ sè é láìmọ bó ṣe máa rí. Ká ní kìkì ohun tí wọ́n mọ̀ làwọn ìyá wa ń sè ni, kò ní sí gààrì.

Nítorí náà, dídán nǹkan wò kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Ibi tọ́ràn wà ni ẹni tó ń san owó àṣìṣe. Bó bá jẹ́ àwa la yàn án, tí àwa náà la jẹ ẹ́ ní jíjóná, ẹ̀kọ́ nìyẹn. Àmọ́ bí àwa bá yàn án, tí ẹlòmíràn wá sùn láìyó, ìrẹ́jẹ ni, bó ti wù kó kéré tó.

A máa ń sọ pé torí ilé la ṣe ń kọ́ oúnjẹ tuntun. Ká sòótọ́, torí ara wa ni. Iṣẹ́ ti gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ìdí ààrò nìkan ló kù tá a ti lè ṣe ohun tí ọ̀gá kankan ò rán wa. Ayọ̀ yẹn tọ́ sí wa, kò kàn yẹ kó di gbèsè sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

A bẹ àbúrò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń ti wa. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu." Láti ìgbà náà, Sátidé la máa ń dán nǹkan wò. A ti máa ń rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ látalẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ife kan péré, ìrẹsì àti ọbẹ̀ á sì ti délẹ̀ ká tó tanná sí ohunkóhun.

Ẹ̀ẹ̀kẹta la tó rí frejon sè bó ṣe yẹ. A bu díẹ̀ fún àbúrò wa. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó dùn o," ó sì lọ bu ìrẹsì. A ò bínú.